Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Gbà Lẹ́nu Mi ní Àgbàlá Kòkó

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ tèmi. Orúkọ mi ni Àdùkẹ́. Mi ò kàwé. Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní ilé ìwé gíga níbí ní Òṣogbo, ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tó bá jáde lẹ́nu mi ni kó kọ.

Iṣẹ́ kòkó ni mo ṣe. Mi ò gbìn ín, mi ò sì rà á. Èmi ni mo máa ń sọ pé ó ti gbẹ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ni. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é ní Iléṣà. Bí ẹ bá fún gbogbo iṣẹ́ mi bí ẹni ń fún aṣọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa kán sílẹ̀, òun náà ni gbẹ. Òyìnbó ń pè é ní dírái. Dírái yìí ni ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó kọ́kọ́ wọ ẹnu mi, ìtìjú ló sì mú un wọlé.

Abúlé kan lẹ́yìn Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tí mo dàgbà tó ọmọ tí wọ́n lè rán níṣẹ́, bàbá mi mú mi lọ sí Iléṣà, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Dúró. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń fún mi, kò sí ìtàn níbẹ̀. Mo ní ẹní tí mo ń sùn lé, mo ń jẹun yó, mo ń rí aṣọ ọdún. Ẹ jẹ́ ká wọ àgbàlá lọ.

Ẹ̀yìn sítọ̀ọ̀ àwọn tó ń ra kòkó ni àgbàlá náà wà. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ á kó kòkó wọn dé láti oko, èyí tí wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ mẹ́fà, tó ń rùn bí ọtí tó ti kan. Àwa la ó sá a. A ó fi igi fà á síhìn-ín, fà á sọ́hùn-ún. A ó ṣa èyí tó fẹ́lẹ́ bí ewé kúrò, a ó ṣa èyí tó ti hù kúrò. Bí òjò bá ṣú, eré la ó fi kó o wọlé. Bí oòrùn bá tún yọ, eré la ó fi kó o jáde. Ní ìgbà ìkórè, mo máa ń lálàá pé mò ń sáré.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní àgbàlá yẹn tí mi ò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Àwọn ọkùnrin tó ń rán àpò wà níbẹ̀, tàwọn ti abẹ́rẹ́ wọn gígùn. Kò sí ẹni tó jẹ́ fi abẹ́rẹ́ kan àpò nínú wọn àfi tí Ìyá Dúró bá ti sọ̀rọ̀. Ìyá Dúró á bọ́ sí àárín kòkó láìwọ bàtà. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀. Wọ́n á gbé e sétí, wọ́n á fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo àgbàlá á pa lọ́lọ́. Ẹni tí ikọ́ bá ń gùn á gbé e mì. Wọ́n á fi eyín pa hóró kan, wọ́n á wo inú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ inú oyún sọ̀rọ̀:

"Ó ti gbẹ."

Abẹ́rẹ́ á wọlé. Wọn kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọn ò bá sì sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọba ló ni kòkó, ibẹ̀ ni yóò sùn sí.

Tí mo bá ń wò wọ́n, ara mi á bù máṣọ. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọ́n ń fẹsẹ̀ ọ̀tún wọ́lẹ̀ díẹ̀, wọn ò sì ní ohùn ńlá. Síbẹ̀, ọkùnrin tó ti fi gbogbo ọdún roko á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á ṣí fìlà, á máa wo ètè wọn. Mo sọ nínú ara mi pé lọ́jọ́ kan, èmi náà á sọ ọ́.

Wọ́n kọ́ mi. Ẹ gbọ́, wọ́n le. Wọ́n á fi gèlè di ojú mi, wọ́n á bu kòkó sí mi lọ́wọ́. "Ọjọ́ mélòó ló ti lò lójú oòrùn?" Bí mo bá ṣì í, ìka wọn á dún lágbárí mi kó! Kòkó ọjọ́ kẹta kì í dún, ńṣe ló ń fún pọ̀ bí ẹran. Ti ọjọ́ karùn-ún ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ ewé mọ́lẹ̀. Èyí tó ti gbẹ ń dún bí ìgbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ìṣẹ́pẹ́ igi. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi òróró pa ọwọ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà láàárọ̀, nítorí ariwo rẹ̀ ń pẹ́ létí. Ọjọ́ tí mo jí ẹ̀pà jẹ, wọ́n ní kí n la ẹnu, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n lé mi lọ sílé ìdáná títí di ọjọ́ kejì.

Èyí tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé, "Kòkó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú oòrùn, má bá a sọ nǹkan kan. Gbé e sábẹ́ òjìji kí ooru ara rẹ̀ kúrò ná. Èèpo rẹ̀ nìkan ló ń dún fún ọ, omi ṣì wà nínú."

Àwa méjì la jọ ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn, èmi àti Rìsíkátù, ọmọ Òṣogbo kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Rìsíkátù mọ kòkó ṣà ju èmi lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò gbọ́ ọ. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi ìyẹn bú mi: "Arábìnrin elétí ehoro, oúnjẹ ti délẹ̀ o, àbí o ti gbọ́ ìyẹn náà?"

Ọdún kẹrin tí mo débẹ̀ ni mo ba nǹkan jẹ́.

Ìyá Dúró lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn ní Ìpetu. Wọ́n ní ọjọ́ méjì làwọn á lò, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ lórí kòkó kankan títí àwọn á fi dé. Kòkó Bàbá kan wà nílẹ̀. Ìbòkun ni wọ́n ti wá, Bàbá Ìbòkun la sì ń pè wọ́n. Ọdún yẹn ni wọ́n fẹ́ fi páànù bo ilé wọn, kòkó yẹn ni wọ́n sì gbójú lé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Bàbá dìde.

"Ọmọ mi, ṣé kò tíì yá ni? Òjò ń bọ̀ yìí."

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Ìyá ò tíì dé."

"Ìyá wà ní Ìpetu, òjò wà lórí wa. Wọ́n ti ń kọ́ ìwọ náà láti ọdún mélòó? Àbí ilẹ̀ lo wá ń gbá níbí?"

Rìsíkátù bú sẹ́rìn-ín. "Àdùkẹ́, wọ́n ní ilẹ̀ lo wá ń gbá o!"

Mo bọ́ bàtà. Mo bọ́ sáàárín kòkó. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbóná débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mi. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo mọ̀ pé ó gbóná. Mo gbé e sétí, mo fún un, ó dún bí iná tó ń mú ìṣẹ́pẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí i pé gbogbo àgbàlá ti dákẹ́, àwọn tó di abẹ́rẹ́ mú ń wo ẹnu mi. Ẹ̀yin ọmọ, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dùn ju oyin lọ. Mo sọ ọ́.

"Ó ti gbẹ."

Àpò mọ́kànlá ni wọ́n rán. A kó o wọlé tán kí òjò tó dé. Bàbá Ìbòkun gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n súre fún mi.

Nígbà tí Ìyá Dúró dé, wọn ò pariwo. Wọ́n wo àpò tó dúró lórí ara wọn, wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi. "Ṣé ooru ara rẹ̀ ti kúrò kí o tó gbọ́ ọ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ìnsípẹ́kítọ̀ ìjọba tó dé. Òun ló máa ń yẹ kòkó wò kí wọ́n tó gbé e lọ. Kì í fetí sí kòkó ní tiẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré kan ló fi ń la hóró sí méjì, á sì wo inú rẹ̀. Bàbá Ìbòkun ti wá lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ agbádá. Ìnsípẹ́kítọ̀ tú àpò kan, ó la hóró àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ ti bu, ó funfun bí òwú. Ó la ìkejì. Ó la ìkẹta. Ó tú àpò mìíràn. Ó wá nu ọ̀bẹ rẹ̀ nù, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí akọ̀wé sítọ̀ọ̀:

"Nọ́ọ̀tì dírái."

Akọ̀wé yíjú sí wa. "Ó ní kò gbẹ."

Bí mo ṣe bá ọ̀rọ̀ náà pàdé nìyẹn.

Bàbá Ìbòkun lóṣòó. Wọ́n mú hóró kan tí ọ̀bẹ ti là, wọ́n pa ìlàjì rẹ̀ méjèèjì dé, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, bí ẹni pé yóò lẹ̀ padà. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn wò mí. "Ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo ní ó ti gbẹ ni?"

Wọn ò rí páànù rà lọ́dún yẹn. Ìyá Dúró fún wọn ní ohun tí agbára wọn ká, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò mọ́kànlá.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Dúró pè mí sí àárín àgbàlá. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mi ò rántí pé obìnrin ń kúnlẹ̀ ni. Mò ń retí ẹgba. Wọn ò mú ẹgba dání. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí mi.

"Gbé e fún mi."

"Kí ni, Ìyá?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn. Gbé e wá."

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ sí èèyàn lọ́wọ́. Mo gbé ẹnu mi sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo ń sunkún, mo ní, "Gbẹ." Wọ́n pa ọwọ́ dé. Wọ́n fa etí ìró wọn, wọ́n di ọwọ́ òfìfo yẹn mọ́ ọn bí ìgbà tí èèyàn ń di owó, wọ́n ta á ní kókó.

"Láti òní lọ, mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́, nínú àgbàlá yìí, nínú ilé yìí, títí n ó fi tú kókó yìí. Bí n kò bá sì tú u, ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìwọ ni wàá máa gbá a."

Ẹ wò ó, èèyàn tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní àgbàlá kòkó kò ní iṣẹ́. Mo mọ̀ pé bí wọn ò bá dá a padà fún mi, mo ti di agbálẹ̀ títí ayé nìyẹn. Mo lè padà sí Ìpetu, ṣùgbọ́n kí ni n ó sọ fún bàbá mi?

Ìgbà ìkórè méjì ni mo fi gbé láìsọ ọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó mọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbi gbogbo. Wọ́n rán mi lọ ká aṣọ, mo ní, "Omi ti kúrò lára aṣọ, Ìyá." Òùngbẹ gan-an, ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú rẹ̀! Mo ní, "Ọ̀fun mi ń bẹ̀ mí." Kànga ẹ̀yìnkùlé gbẹ, mo ní, "Omi kànga ti lọ." Obìnrin àdúgbò kan bímọ, omi ọmú rẹ̀ ò wá mọ́, mo ní, "Ọmú rẹ̀ ti dákẹ́." Ara Bàbá Dúró, ọkọ Ìyá, rù nítorí àìsàn, gbogbo èèyàn ní wọ́n ti gbẹ, èmi ní wọ́n ti kéré sí ara wọn. Egbò ẹsẹ̀ mi san, mo ní ó ti panu dé.

Rìsíkátù sọ ọ́ di eré ojoojúmọ́. Á gbé igi ìdáná wá síwájú mi. "Àdùkẹ́, irú igi wo nìyí?"

"Igi tó máa jó dáadáa ni."

"Kí ló dé tó fi máa jó dáadáa?"

"Nítorí pé bí mo bá fi gbá ọ lórí, yóò dún."

Àwọn tó ń rán àpò á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo bá dá wà, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ń bà mí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló ń sọ ti kànga, ti ọmú, ti egbò, ti igi, ti àìsàn. Ó lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ó lè jẹ́ ìròyìn ikú. Mo ti ń sọ ọ́ láti kékeré bí ẹni ń tutọ́. Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́nu mi.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìnsípẹ́kítọ̀ ń wá. Mo máa ń gbálẹ̀ lọ sí tòsí rẹ̀. Bí ó bá la kòkó tí ó dára, á fi ọwọ́ lu àpò, á ní, "Dírái." Bí kò bá dára, á ní, "Nọ́ọ̀tì dírái." Mo mọ èkínní yàtọ̀ sí èkejì. Mi ò sọ ọ́ síta rí, mo kàn fi í sínú ẹnu bí ẹni fi obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìgbà ìkórè kejì ń parí lọ nígbà tí Bàbá Ìbòkun tún kó kòkó dé. Ẹnu ya gbogbo wa. Wọ́n ní, "Ìyá Dúró ò parọ́ fún mi rí. Ibí náà ni mo mọ̀." Wọn ò wo ibi tí mo wà.

Ọjọ́ karùn-ún tí kòkó náà wà lójú oòrùn, ibà dá Ìyá Dúró dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kẹfà, òjò ṣú. Bàbá dìde, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde. Àwọn tó ń rán àpò wo Rìsíkátù. Rìsíkátù ní, "Ẹ má wò mí o, ẹ mọ̀ pé etí tèmi fún yẹtí ni." Gbogbo wọn wá yíjú sí mi. Mo ní kí a kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ òrùlé. Bàbá ní ṣé kí wọ́n máa kó o sínú àpò lọ ni. Mo ní rárá, kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀. A tẹ́ ẹ. Òjò dé, ó ń lu páànù gbàgbàgbà. Mo jókòó ti kòkó títí òjò fi dá, títí ooru ara kòkó fi kúrò tán. Mo wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, mo gbé e sétí. Lẹ́yìn náà mo rìn lọ sí yàrá Ìyá Dúró, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo gbé e sí wọn létí, mo fún un.

Wọ́n mi orí. "Oògùn ibà yìí ti ba etí mi jẹ́. Híín ni mò ń gbọ́. Ìwọ ti gbọ́ ọ?"

"Mo ti gbọ́ ọ, Ìyá."

"Kí ló wí?"

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ lò, kì í ṣe tèmi. Èyí tí mo ní ni mo sọ. "Nọ́ọ̀tì dírái, Ìyá."

Wọ́n la ojú. "Kí nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ìnsípẹ́kítọ̀ ni. Ẹ ò gba ìyẹn lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rín gbé wọn débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, mo ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ní, "Mi ò gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ti ìnsípẹ́kítọ̀ rán àpò ní àgbàlá tèmi." Wọ́n na ọwọ́ sí etí ìró wọn. Kì í ṣe ìró ọjọ́ yẹn, ìyẹn ti gbó, wọ́n ti fi gé aṣọ ìnulẹ̀. Síbẹ̀, kókó kan wà ní etí èyí náà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ìró ni wọ́n ń tú u, tí wọ́n sì ń tún un dì sí òmíràn, ọdún méjì gbáko. Wọ́n tú u, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo sì gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo jáde. Bàbá Ìbòkun dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, kò tíì gbẹ."

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ náà ni. Lọ́jọ́sí, o ní ó ti gbẹ."

"Mo parọ́ lọ́jọ́sí, Bàbá. Ó gbóná, mo sì mọ̀."

Mi ò sọ ìyẹn fẹ́nikẹ́ni rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Rìsíkátù ò rí ẹ̀fẹ̀ fi ṣe. Bàbá bọ́ agbádá wọn, wọ́n ká a, wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí, wọ́n dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kòkó wọn. "Pè mí nígbà tó bá gbẹ." Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò. Ní ọjọ́ kẹta, mo pè wọ́n. Nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ la tiwọn, ó la ogún hóró, ó la ọgbọ̀n, ó fi ọwọ́ lu àpò. Ẹ ti mọ ohun tó sọ.

Bí Ìyá Dúró ṣe fi mí sí ipò wọn nìyẹn, èmi náà sì fi gbogbo ayé mi dúró síbẹ̀. Nǹkan yí padà púpọ̀. Tapólì dúdú dé, kòkó ò sùn sórí sìmẹ́ńtì mọ́. Àwọn kan kọ́ ilé tí wọ́n ń dáná sí láti fi mú un gbẹ, kòkó wọn ń rùn bí ẹja sísun, kò sẹ́ni tó rà á. Àwọn mìíràn ń sá tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ títì ọ̀nà Àkúrẹ́, táyà ọkọ̀ ń bá wọn fà á. Ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Bùkọ́lá gbé ẹ̀rọ kan dé, ó dà bí rédíò kékeré, ó ní irin méjì tí wọ́n ń gún sínú kòkó, á sì kọ nọ́ńbà iye omi tó kù nínú kòkó sójú rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé n ó bá a jà. Ìjà kẹ̀? Ẹnu ló yà mí. Ẹ̀rọ yẹn kò jẹ ẹ̀pà rí. Èmi àti Bùkọ́lá máa ń ta á bí ayò. Á fi ọwọ́ bo nọ́ńbà, èmi á sọ tèmi, á wá ṣí ọwọ́. "Háà, Ìyá! Ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yìí, ọmọ ìyá ni yín ni?"

Títí di ọjọ́ kan tí mo fún kòkó létí, tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún un fún. Ó pa rọ́rọ́. Mo gbé e sí etí kejì, bákan náà. Àwọn tó ń rán àpò dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi bí wọ́n ṣe ń wò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Mo lè sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ẹ̀rọ á sì tì mí lẹ́yìn. Mo da kòkó náà sí Bùkọ́lá lọ́wọ́. "Etí mi ti tán. Ìwọ ló kù." Mo wọ bàtà mi. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Ọmọ mi wá gbé mi wá sí Òṣogbo, ilé wa ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ibẹ̀ ni Tópẹ́ ti wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Màmá Àgbà, wọ́n ní ká mú ọ̀rọ̀ kan tí Òyìnbó fi ń júwe nǹkan, ká wádìí ibi tó ti wá àti gbogbo ohun tó túmọ̀ sí. Mi ò mọ èyí tí n ó mú."

"Mú dírái."

"Èyí tó kéré yẹn? Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Wò ó ná."

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Ó kà, ó tún kà. Nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà ju ìwé Òyìnbó fúnra rẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó kọ́kọ́ kọ èdè wọn sílẹ̀ ló ti wà lẹ́nu wọn, ohùn rẹ̀ kàn yàtọ̀ díẹ̀ nígbà yẹn. Ó ní ó ní ẹbí nínú èdè àwọn ará ìlú tó wà nítòsí wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọ̀dá, àti èyí tí wọ́n fi ń pe kí omi ṣàn kúrò nínú nǹkan, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Ó ní màlúù tí kò ní wàrà mọ́, dírái ni wọ́n ń pè é. Mo pàtẹ́wọ́. Bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ fún ọmú! Ó ní ọ̀fun tó ń wá omi, dírái. Ikọ́ tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, dírái. Ọtí tí kò dùn, dírái. Ìlú tí wọn kì í ti í ta ọtí, dírái. Ìwé tí ń mú èèyàn tòògbé, dírái. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ láìrẹ́rìn-ín, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dírái. A kì í sọ ìyẹn ní tiwa. Mo rántí Rìsíkátù.

Ara mi tún bù máṣọ. Mo rò pé Ìyá Dúró nìkan ló mọ bí nǹkan yẹn ti wúwo tó. Mi ò mọ̀ pé àwọn kan wà lókè òkun, tí wọn ò rí kòkó rí, tí àwọn náà ń rù ú láti ayébáyé, tí wọ́n ń fi í sọ ti ilẹ̀, ti màlúù àti ti ọ̀fun ara wọn.

Mo bi Tópẹ́ pé, "Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Màmá Àgbà. Kò sí ìwé nígbà náà."

"Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́."

Ó ní, "Ó ní láti jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, ẹni yẹn ni mò ń rò. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, irú iṣẹ́ tó wù yín ni kí ẹ mú, mi ò ní bá yín yàn án. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọjọ́ kan á pé tí wọ́n á dúró, tí wọ́n á máa wo ẹnu yín. Mo máa ń rí ẹni náà bí obìnrin. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ó tẹ́ nǹkan sílẹ̀, bóyá awọ ẹran ni, bóyá ọkà ni, mi ò mọ̀. Òjò ṣú lórí rẹ̀. Ebi ń pa àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n fẹ́ kó o sápò, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ nínú wọn àfi òun. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Gbogbo wọn dákẹ́. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ fún ohun tó fẹ́ sọ, ẹnu rẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ jáde.

Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Síbẹ̀, mo máa ń gbàdúrà fún un láràárọ̀, pé lọ́jọ́ náà, nígbà tó la ẹnu, kí ó jẹ́ pé nǹkan náà ti gbẹ lóòótọ́.